Ọ̀ta ayò lè má mọ ọpọ́n gbẹ́

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, àsàlámù àlékùm. Ọmọ ogún ọdún ni mí, Tanke ni mò ń gbé. Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbá géèmù, kò sì sí ẹni tó lè nà mí nínú géèmù bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo pinnu pé èmi náà fẹ́ máa ṣe géèmù. Mo gba Unity, ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, sórí laptop mi, mo ń wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni. Bí mo bá ń wò ó, gbogbo rẹ̀ ló ń yé mi. Bí mo bá pa fídíò, ojú mi á ṣú, mi ò ní lè kọ ìlà kan nínú kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà. Géèmù tí mo fẹ́ ṣe dà bíi GTA, géèmù ńlá tí èèyàn ti ń rìn káàkiri odidi ìlú, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni gbogbo rẹ̀ yóò ti máa ṣẹlẹ̀, láti Ọjà Ọba dé Post Office dé Tanke. Bàbá mi ní mò ń fi ọjọ́ ayé mi ṣòfò. RAM laptop mi, ìyẹn ibi ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́, kò ju 4GB lọ. Ṣé ọpọlọ mi ni kò gbé e, àbí kí n ra laptop tuntun, àbí kí n lọ kọ́ nǹkan mìíràn?"

Wa alékùmù sàlámù, àbúrò mi. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fún ọ lésì ní ṣókí, pé ọpọlọ rẹ pé, máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí pé irú èsì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún èmi náà nígbà tí mo béèrè, kò sì ràn mí lọ́wọ́ fún odidi ọdún kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé o ń gbé oṣù mẹ́ta tó le koko sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún mẹ́wàá tó dùn, o sì ń fi èyí dá ara rẹ lẹ́jọ́. Ẹ̀rí tó o kó jọ yẹn kò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ibi tí mo ti rí orí òwú náà mú ni gbólóhùn kan tó o sọ kọjá wéré: pé kò sí ẹni tó lè nà ọ́. Ní ìdí ayò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta là ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta sì ni òpè. Nínú gbogbo ọ̀ta tí mo mọ̀, mi ò tíì rí ẹyọ kan tó gbẹ́ ọpọ́n tó ń ta. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbẹ́ ọpọ́n, bóyá òun gan-an sì jẹ́ òpè nídìí ayò. Kò sí ẹni tó máa rí ọ̀ta tó di àáké mú fún ìgbà àkọ́kọ́, tí igi là mọ́ ọn lọ́wọ́, tó máa sọ pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ tó ń ṣe é, ọ̀tọ̀ sì ni iye àkókò tó ń gbà.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ bíi tìrẹ. Ilé géèmù kan wà ní Gáà Akanbí nígbà tí mo wà ní iléèwé girama, PS2 mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá mẹ́rin, bẹ́ǹṣì gbọọrọ kan. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó bá borí á jókòó sí i. Mo máa ń jókòó pẹ́. Nígbà tí mo wá ra laptop tòkunbọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo gbà pé gbogbo wákàtí yẹn ni owó tí mo fi máa dá òwò náà sílẹ̀. Mo ní géèmù ayò ni màá kọ́kọ́ ṣe, nítorí mo rò pé kò sí ohun tó rọrùn tó o: ojúlé 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo dá fún un. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn rẹ wà. Kọ̀ǹpútà kì í fojú inú mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni. Gbogbo ohun tó o mọ̀ láìmọ̀ pé o mọ̀ ọ́n, o ní láti sọ ọ́ síta. Mo kọ ọ́ pé kí olùta kó ọmọ ayò inú ojúlé kan, kó máa pín in lọ́kọ̀ọ̀kan sápá ọ̀tún, bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé alátakò tí ọmọ ayò ibẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, kó jẹ ẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà kan tó ń ta ayò lábẹ́ igi ní Ọ̀fà, níbi tí ilé ìyá mi wà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bàbá kan fi ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ayò yìí?" Ó ti kó ọmọ ayò jọ sí ojúlé kan títí ó fi ju méjìlá lọ, ohun tí a ń pè ní odù. Bí èèyàn bá ta odù, tó yípo, ó gbọ́dọ̀ fo ojúlé tó ti kó o. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, lórí ọpọ́n gidi, mo máa ń fo ó láìronú. Kóòdù mi ni kò mọ̀ ọ́n.

Mo tún béèrè lọ́wọ́ wọn pé, bí ọmọ ayò bá tán nílé alátakò ńkọ́? Gbogbo wọn fẹnu kò pé ẹni tó ń ta gbọ́dọ̀ bọ́ ọ bó bá ṣeé ṣe. Mo ní, ó dáa, bí ẹyọ ìta kan bá máa jẹ gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ alátakò pátá ńkọ́? Ọ̀kan ní ó lè jẹ ẹ́. Èkejì ní ó lè ta á ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Àríyànjiyàn náà gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn. Àwọn èèyàn tó ti ń ta ayò papọ̀ láti ìgbà èwe wọn nìyí, kò tíì di dandan fún wọn rí láti fi ẹnu sọ òfin náà tán. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe géèmù ni láti sọ ọ́ tán, kó mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì, kó sì gbà pé ẹni kan máa bínú. Ìwọ tó o ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù, sọ fún mi: bí agbábọ́ọ̀lù méjì bá dé ìdí bọ́ọ̀lù pa pọ̀, ta ló ń gbà á, kí sì nìdí? O mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Gbìyànjú láti kọ ọ́ sínú ìwé, wàá rí i bí o ṣe máa dúró.

Mi ò ní kí o gbà pé ọdún tó o fi gbá géèmù ṣòfò o. Ohun kan wà tó fún ọ tí ẹni tí kò gbá á rí kò lè rà: ọwọ́ rẹ mọ ohun tó dára. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù tí èèyàn ti ń fò láti orí òkúta kan sí òmíràn, àwọn tó ṣe é máa ń dọ́gbọ́n kan: lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ akọni náà ti kúrò létí òkúta, wọ́n á ṣì fún ọ ní ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan tó o ṣì lè tẹ bọ́tìnnì kó sì fò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òfurufú ló wà. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, olùgbá á máa pariwo pé mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ní ilé géèmù wa, páàdì la máa ń dá lẹ́bi. Mo ti ń ṣe géèmù fún ọdún kan kí n tó mọ̀ pé nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe géèmù ni kò fún wa ní ìdá kékeré yẹn. Ìwọ á tètè gbọ́ ọ lára nígbà tí tìrẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí eré gbígbá ń fúnni nìyẹn, ó sì wúlò gan-an, àmọ́ ó dìgbà tí nǹkan kan bá ti wà nílẹ̀ tó o lè tẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ fídíò. Ṣé o lọ ilé kéwú? Ní ìlú wa yìí, ó ṣòro kí n rí ẹni tí kò gba ibẹ̀ kọjá. O rántí bí áfáà ṣe máa ń ka ìlà kan, tí gbogbo ọmọ á gbè é, tí ohùn á gba gbogbo ojúde kan, àfi bíi pé gbogbo wa la ti há a sórí. Kí áfáà wá nàka sí ìwọ nìkan pé kó o dá a kà. Ibẹ̀ ni ojú ti ń ṣú. Ohùn àwọn yòókù ló ti ń gbé tìrẹ láti ẹ̀yìn wá. Fídíò tó o ń wò, ohùn áfáà nìyẹn. Ohun tó ń sọ ọmọ di ẹni tó mọ̀ ọ́n ni wàláà: bó o bá mọ tòní, a ó fọ̀ ọ́, tọ̀la á gorí rẹ̀, bó ò bá mọ̀ ọ́n, ti àná ló máa wà níbẹ̀ títí.

Bí mo ṣe fẹ́ kó o máa ṣe nìyí. Wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, má wo wákàtí kan. Tẹ̀ lé olùkọ́ náà títí ohun tó ń ṣe fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tìrẹ. Lẹ́yìn náà, pa fídíò, kó o sì pa gbogbo ohun tó o kọ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, pa á rẹ́, fọ wàláà rẹ. Mú ìwé àti báírò, kó o fi Yorùbá kọ ohun tó o fẹ́ kó ṣẹlẹ̀: bí bọ́ọ̀lù bá kan ògiri, kó padà síbi tó ti ń bọ̀, bí ó bá kọjá igi, kí alátakò gba àmì kan. Ẹ̀yìn èyí ni kó o wá kọ kóòdù láti orí ara rẹ. Ó máa bà jẹ́. Ibi tó ti bà jẹ́ nìkan ni kó o padà lọ wò nínú fídíò, má tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ṣiṣẹ́, yí ohun kan padà tí olùkọ́ náà kò ṣe: sọ bọ́ọ̀lù di méjì, tàbí kí ògiri máa kéré sí i. Ìyípadà kékeré yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé nǹkan ti yé ọmọ tí mò ń kọ́. Lórí kíkọ ọ́ ní Yorùbá, mi ò ṣeré rárá: nígbà tí mo dẹ́kun fífi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí mo yá lẹ́nu olùkọ́ ronú, àṣìṣe mi dín kù.

Géèmù Ìlọrin rẹ ńkọ́? Inú mi dùn sí i, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan ṣe é lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tó o bá parí géèmù ńlá bẹ́ẹ̀, má tètè tẹ bọ́tìnnì kọjá orúkọ tó ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n. Jókòó kà wọ́n. Ẹni tó ya ilé, ẹni tó ya ewéko, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìró ẹsẹ̀ lọ. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, owó oṣù ni wọ́n sì ń gbà. Bí ìwọ nìkan bá dáwọ́ lé e, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé wàá ya ojú ọ̀nà kan ní Tanke, wàá fi ọkọ̀ kan sí i, ó máa rẹ̀ ọ́, wàá sì tún wá bá mi pé ọpọlọ rẹ kò pé. Ní ọdún 1972, nígbà tí Allan Alcorn ṣe géèmù Pong ní ilé-iṣẹ́ Atari, ọ̀gá rẹ̀ gbé e fún un láti fi kọ́ṣẹ́ ni, nítorí kò tíì ṣe géèmù rí. Igi méjì àti bọ́ọ̀lù kan. Ibẹ̀ ni kí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀, kó o sì parí rẹ̀ pátápátá: kó ní ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, kó ní àmì, kó ní ìró, kó mọ ẹni tó borí, kó ṣeé tún gbá.

Lẹ́yìn ìyẹn, mú ẹyọ ohun kan nínú Ìlọrin. Wọ́n máa ń kì wá pé ẹṣin leégún ilé baba wa. Ó dáa, ẹṣin kan, ojú ọ̀nà kan tó tẹ́ lọ sí ààfin, àwọn ìkòkò amọ̀ láti Dada, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò n'Ílọrin, tò sójú ọ̀nà, kí ẹṣin máa fò wọ́n. Mo ti ṣe irú rẹ̀, ó sì kọ́ mi lọ́gbọ́n tí mi ò ní gbàgbé. Géèmù kò dúró rí: ó ń yípo bí ẹni tó ń lu ìlù kan náà, nígbà púpọ̀ ní ìgbà ọgọ́ta (60) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ohun tó o tẹ̀, ó ń sún nǹkan, ó sì ń tún àwòrán yà. Mo sọ fún ẹṣin mi pé kó sún ní ìwọ̀n márùn-ún ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Laptop mi gbó, ìyípo 30 péré ló ń ṣe, ẹṣin sì ń rìn jẹ́jẹ́ bó ṣe wù mí. Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣe 60, ẹṣin sáré ní ìlọ́po méjì, ó forí gbá ìkòkò àkọ́kọ́ kí ọ̀rẹ́ mi tó fọwọ́ kan nǹkankan. Ojú tì mí. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí n sọ eré ẹṣin ní iye tó yẹ kó rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n máa sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú àkókò tó kọjá láàárín ìyípo méjì. Kò sí fídíò tí mo wò tí kò sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ.

Wọ́n á sọ fún ọ pé ìṣirò ńlá ló wà níbẹ̀. Èyí tó o kọ́ ní girama ló pọ̀ jù nínú ohun tí géèmù kékeré ń béèrè. Bí akọni rẹ bá ń lọ sọ́tùn-ún tó sì tún ń gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, yóò yára ju bó ṣe yẹ lọ ní ìlọ́po 1.41, nítorí ìlà ìdábùú onígun mẹ́ta ló ń gbà. Pythagoras lásán ni.

Nípa Unity, kò sí ohun tó burú lára rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń fi C# ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún laptop 4GB, mo rò pé Godot, ohun èlò mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ló máa tù ọ́ lára. Àwọn ọmọ Ajẹntínà méjì, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2014. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà. GDScript, èdè tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀, jọ Python, èdè kọ̀ǹpútà kan tó gbajúmọ̀. Nígbà tó o bá ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ nínú rẹ̀, mú ọ̀nà ìyàwòrán tí wọ́n pè ní Compatibility, ó ṣe é fún ẹ̀rọ tó ti gbó, kó o sì dúró sí 2D, ìyẹn àwòrán pẹlẹbẹ. Ohun mìíràn tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ní oṣù kẹsàn-án 2023, ilé-iṣẹ́ tó ni Unity kéde pé àwọn yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí àwọn èèyàn bá fi géèmù sórí ẹ̀rọ wọn. Ariwo ta, wọ́n sì fagi lé e ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ti parí, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa kò fẹ́ kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ́. Bí iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá bá ni èrò rẹ, Unity ṣì lè jẹ́ ọ̀nà tó yá jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀ láìjiyàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, òun ni mo sì ronú lé lórí jù. Má ṣe bá wọn jiyàn pé owó wà nínú géèmù. Owó wà níbẹ̀ fún àwọn kan. Eric Barone nìkan ló dá géèmù Stardew Valley ṣe, ó lo ọdún mẹ́rin ó lé kó tó jáde ní 2016, ó sì là. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún yẹn kò sí owó kankan tó ń ti ara géèmù náà wọlé. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, kíkọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀ǹpútà ló ń bọ́ mi. Géèmù mi kò tíì san owó ilé oṣù kan rí. Mo ń ṣe é lálẹ́ nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi tí mi ò lè ṣàlàyé. Nítorí náà, bí bàbá rẹ bá ní iléèwé rẹ kò gbọ́dọ̀ bà jẹ́, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo máa ṣe ní ipò rẹ ni pé màá bá wọn ṣe àdéhùn wákàtí: wákàtí méjì ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó sì jẹ́ inú wákàtí tó o máa fi gbá géèmù lo ti máa yọ ọ́. Nígbà tí Pong rẹ bá parí, fún wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìwọ náà mú ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá tèmi kò bi mí léèrè mọ́ láti ọjọ́ tí mo gbé ayò yẹn síwájú wọn tí wọ́n sì nà mí.

Ohun tí mi ò lè sọ fún ọ ni bóyá wàá fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí adùn àkọ́kọ́ bá tán. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbígbá ni wọ́n fẹ́, wọ́n á ṣe géèmù kan, wọ́n á ní ó tó, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀. Bákan náà, mi ò mọ 3D, ìyẹn géèmù tí àwòrán rẹ̀ ní jíjìn, tó láti tọ́ ẹnikẹ́ni sọ́nà, bó o bá dé ibẹ̀, wá ẹni tó jù mí lọ.

Laptop tuntun, má tíì rà á. Ní 1984, ní Mọ́sìkò, orí Elektronika 60, kọ̀ǹpútà tí kò lè ya àwòrán rárá, ni Alexey Pajitnov ti ṣe géèmù Tetris. Àmì orí bọ́tìnnì ìkọ̀wé ló fi ṣe àwọn búlọ́ọ̀kù rẹ̀. 4GB rẹ tó fún Pong, ó tó fún ẹṣin, ó tó fún ayò. Bó o bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, fi tún bátìrì rẹ ṣe, nítorí iná tó lọ lójijì ti gba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi rí. Kó o sì máa gbé ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ sórí fóònù rẹ ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó o bá ṣiṣẹ́, kó o tó sùn.